Ọ̀nà Tó Wà Láàárín Ilé Méjì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà

Wọ́n ti kó àwọn arúgbó tí Ẹlẹ́sẹ̀-ire, ọ̀rẹ́ mi, ń tọ́jú lé mi lọ́wọ́. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá la sin ín. Láàárọ̀ yìí, Màdáámù tó ń pín iṣẹ́ fún wa na kọ́kọ́rọ́ méjì sí mi láti ẹ̀yìn tábìlì rẹ̀, kò gbójú sókè. "Ìyá Tíṣà láàárọ̀, Bàbá Télọ̀ lọ́sàn-án. Ìwọ náà kúkú mọ iṣẹ́."

Mo mọ iṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lọ láti ilé dé ilé, tí mò ń wẹ̀ fún arúgbó, tí mò ń bọ́ wọn, tí mò ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bí èèyàn ṣe ń gba ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú sí lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́.

Ìyá Tíṣà, tí apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti rọ, kò lè sọ̀rọ̀ já gaara. Ó kàn di ọwọ́ mi mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. A jọ sunkún tán kí n tó gbé omi kaná.

Bàbá Télọ̀ ló bà mí lẹ́rù. Ó fi gbogbo ayé rẹ̀ ránṣọ, ní báyìí kò rántí orúkọ ọmọ tó bí. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wò mí, ó tún wo ẹ̀yìn mi.

"Ẹ káàbọ̀ o. Kí ló dé tí ẹ̀yin méjèèjì jọ wá lónìí?"

Mo bojú wẹ̀yìn. Àtẹ̀gùn nìkan ló wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì

Òjò. Oorun ò kùn mí. Wọ́n ti tún fi kún owó ọkọ̀ òwúrọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Láti ẹnu ọ̀nà Ìyá Tíṣà dé ẹnu ọ̀nà Bàbá Télọ̀, ó lé ní wákàtí kan, bí ẹsẹ̀ bá tiẹ̀ yá. Kò sí ọkọ̀ tó lọ síbẹ̀ tààrà. Èèyàn á sọ̀kalẹ̀ òkè, á gba ẹ̀gbẹ́ ògiri gígùn tí wọ́n ń kó sìmẹ́ńtì sí lẹ́yìn, á wá sọdá títì márosẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ò ka ìrìn yẹn sí iṣẹ́. Bí mo bá ti ti ilẹ̀kùn Ìyá Tíṣà, owó mi dúró nìyẹn, ó di ìgbà tí mo bá kan ti Bàbá Télọ̀ kó tó tún máa lọ. Èmi àti Ẹlẹ́sẹ̀-ire máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní, "Ọ̀rẹ́ mi, láàárín ilé méjì, iwin ni wá. A ò sí láyé." A ó sì rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ á fi máa dùn wá.

Wọ́n ti da iyanrìn sí ojú ibi tí mọ́tò ti gbá a lórí títì. Òjò ti ń gbá a lọ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí mo sọdá lónìí, mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi, ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré, bàtà rọ́bà lórí ọ̀dà títì. Mo yà sí ẹ̀gbẹ́ kó lè kọjá. Kò sẹ́ni tó kọjá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Mo lọ wo Màmá, ìyá Ẹlẹ́sẹ̀-ire. Òun nìkan ṣoṣo ni wọ́n bí. Mo bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí gbayawu, atẹ́gùn tútù ń wọlé tọ̀ wọ́n níbi tí wọ́n jókòó sí.

"Màmá, òtútù á mú yín. Ẹ jẹ́ kí n tì í."

"Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń gbàgbé kọ́kọ́rọ́."

Mo fi sílẹ̀.

Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ ti fèsì. Wọn ò ní san kọ́bọ̀, nítorí pé kò sí lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí mọ́tò gbá a. Ó ti jáde nílé kan, kò tíì dé ìkejì, ara rẹ̀ ló ń gbé kiri. Mo rò pé owó ló ń dun Màmá, àfi ìgbà tí wọ́n gbá àyà.

"Wọ́n ní ó ń rìn kiri! Ọmọ mi tí kì í jókòó jẹun! Wọ́n ní ó ń rìn kiri lọ́sàn-án gangan bí ewúrẹ́ tí kò lólówó."

Wọ́n ní àwọn ti gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lọ, pé lọ́yà wọn á gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbẹ́jọ́ òṣìṣẹ́. Wọ́n wò mí. Mo wo ilẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Ọkọ mi sọ ọ́ láìfi bò: "Àìsàn là ń wò, ìyàwó mi, a kì í wo ikú. Bí wọ́n bá lé ọ níbi iṣẹ́, ṣé Ẹlẹ́sẹ̀-ire ló máa wá san owó ilé?"

Kò burú ní èèyàn. Pátákó ti gbówó lórí, àwọn èèyàn ò gbé àga wá fún un kàn mọ́, ó kàn ń pọ́n ayùn lásán ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ̀rù ń ba èmi náà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Lọ́yà ẹgbẹ́ pe gbogbo àwa olùtọ́jú jọ lẹ́yìn iṣẹ́. Ọmọkùnrin tín-ínrín kan ni, aṣọ rẹ̀ tóbi jù ú lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá ṣáká. Ó ní ta ló máa wá sọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí níwájú ìgbìmọ̀? Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù. Ẹnì kan rántí pé òun gbé ìkòkò ka iná, bẹ́ẹ̀ ibi iṣẹ́ ló ti wá tààrà. Yàrá ń ṣófo lọ títí ó fi ku èmi nìkan, torí okùn bàtà mi tú.

Ó ní, "Ìyá mi, òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mi ò lè fi tipá mú yín."

Mo so okùn bàtà mi tán. Mo ní màá wá.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí kò yé mi. Mo pẹ́ kúrò lọ́dọ̀ Ìyá Tíṣà, mo wà létí títì márosẹ̀ nígbà tí fóònù mi dún. Màdáámù ni.

"Níbo lo dé? Bàbá Télọ̀ ń..." Ó dákẹ́. Ọkọ̀ ńlá kan ń kọjá lọ, ó fun fèrè gbọọrọ. Mo gbọ́ tí Màdáámù ń mí hẹ̀ẹ̀hẹ̀ẹ̀ bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ. "Ṣé ojú títì lo wà? Dáhùn! Ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, Màdáámù. Ṣé kò sí?"

Ó pa fóònù.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Láti ọjọ́ Ẹtì, Màdáámù kì í bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù láìkọ́kọ́ bèèrè pé: "Ṣé o ti wọlé? Ṣé o ti jókòó?" Mo bi àwọn tó kù. Gbogbo wọn ló ń bèèrè lọ́wọ́ wọn bẹ́ẹ̀, láti ọjọ́ tí Ẹlẹ́sẹ̀-ire ti kú. Wọ́n rò pé àánú ni.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Bí mo ṣe ń fá irùngbọ̀n Bàbá Télọ̀ ló dédé sọ pé, "Ọjọ́ tí mo ṣubú ni kò wá. Mo wà nílẹ̀, mò ń retí rẹ̀."

Ọwọ́ mi dúró. "Ọjọ́ wo lẹ ṣubú, Bàbá?"

"Àná. Ọ̀la." Ó rẹ́rìn-ín sí ẹ̀yìn èjìká mi. "Bi í léèrè. Òun náà mọ̀."

Mi ò bojú wẹ̀yìn. Ìsàlẹ̀ ni mo sáré lọ, sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun lòun gbé Bàbá dìde nílẹ̀ ilé ìwẹ̀, ojú rẹ̀ ti là, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Ọjọ́ tí mọ́tò gbá obìnrin yẹn gan-an ni. Òun sì pe ọ́fíìsì wa, obìnrin kan ló gbé fóònù, ó ní, "Ẹ má mikàn, màá sọ fún un kó sáré."

Màá sọ fún un kó sáré.

Gbogbo wa la ti ń bi ara wa pé kí ló kó sí Ẹlẹ́sẹ̀-ire lórí, òun tó máa ń dúró títí tí títì á fi mọ́, tí ọkọ̀ kankan ò bọ̀, tó tún máa ń fa èmi láṣọ sẹ́yìn. Mọ́tò ti tẹ fóònù rẹ̀ rún wómúwómú. Kò sí ibi téèyàn lè wò.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo bi Màdáámù. A wà láwa méjì, ó ń kó bébà jọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ pe Ẹlẹ́sẹ̀-ire lọ́jọ́ yẹn?"

"Mi ò pe ẹnikẹ́ni." Kíá ló dáhùn. Bébà já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ láti bá a ṣà á, ó jágbe mọ́ mi pé kí n fi sílẹ̀, kí n lọ sílé mi, ṣé mi ò nílé ni?

Ó ti rù. Kọ́là aṣọ rẹ̀ ń jó lọ́rùn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlélógún

Ọkọ mi ní mo sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ó ní mò ń wí pé, "Mò ń bọ̀, mò ń bọ̀," léraléra, ohùn náà ò sì jọ tèmi. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàwàdà, ṣùgbọ́n kò mu tíì rẹ̀ tán.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ọ̀gá Àgbà ránṣẹ́ pè mí. N ò tíì jókòó nínú yàrá rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà mí. Ó ní wọ́n ń wá ẹni tó máa jókòó sí ọ́fíìsì, tó máa máa gbé fóònù. Owó gidi ni, kò sí òòrùn, kò sí òjò. "Ìwọ náà ò kúkú kéré mọ́. Sinmi ẹsẹ̀."

Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé òun gbọ́ pé àwọn ará ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan ń yọ èèyàn lẹ́nu kó wá jẹ́rìí. Ó ní òun mọ̀ pé ọlọ́gbọ́n ni mí.

Kí n má purọ́ fún ara mi nínú ìwé yìí: mo fẹ́ ẹ. Mo fọwọ́ kan àga yẹn. Mo rò ó pé mi ò ní gba ojú títì yẹn mọ́ láéláé, mi ò ní gbọ́ ẹsẹ̀ kankan lẹ́yìn mi mọ́. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè ronú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo sọ fún ọkọ mi. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń súfèé. Súfèé yẹn dùn mí bí egbò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Òòrùn mú bí iná. Iṣẹ́ Àbámẹ́ta kàn mí. Mi ò mọ ohun tó wọ ọkọ mi lórí, ó ní òun á sìn mí, òun fẹ́ rí ibi tí mò ń lọ. Ó dúró níta títí mo fi ṣe ti Ìyá Tíṣà tán. A sọ̀kalẹ̀ òkè. Ó kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀, nígbà tó yá, ó ń mí hẹ̀ẹ̀hẹ̀ẹ̀. Ó ní ṣé eré là ń sá ni? Mo ní bí a ṣe ń rìn nìyí. Ó gba àpò lọ́wọ́ mi, àpò tí mo kó aṣọ ìdọ̀tí Ìyá Tíṣà sí, tí mo gbọ́dọ̀ já sílé ìfọṣọ ilé-iṣẹ́ lójú ọ̀nà. Ó ní, "Èyí tí o gbé yìí ńkọ́? Ṣé ìyẹn náà ò sí lára iṣẹ́?"

A dé etí títì. Ó rí ibẹ̀. Mi ò tọ́ka sí i, ó kàn rí i. Ọkọ̀ ń já ṣùà kọjá, aṣọ wa ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ó di apá mi mú títí a fi sọdá, ọwọ́ káfíńtà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ egungun mi. Ní òdìkejì, ó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù kan.

"Ojoojúmọ́?"

"Ojoojúmọ́."

Ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó dìde. "Lọ sọ fún wọn. Bí wọ́n bá lé ọ, a ó jọ máa pọ́n ayùn."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo dá Ọ̀gá Àgbà lóhùn. Kò bínú. Ó kàn yọ iṣẹ́ Àbámẹ́ta mi kúrò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje oṣù keje

Mo ti dé láti ibi ìgbẹ́jọ́.

Yàrá ìgbẹ́jọ́ ò tóbi. Àwọn mẹ́ta ló jókòó, obìnrin kan tó ti hu ewú ni olórí wọn. Màmá wà lápá òsì, pẹ̀lú gèlè dúdú. Màdáámù wà lápá ọ̀tún pẹ̀lú Ọ̀gá Àgbà, ẹlẹ́rìí ilé-iṣẹ́ ni.

Mo sọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí. Lọ́yà ilé-iṣẹ́ dìde, ó rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ìyá, ṣé ẹ lè dúró ra búrẹ́dì lójú ọ̀nà yẹn?"

"Mo lè dúró, sà. Bí mo bá dúró, mo pẹ́. Bí mo bá pẹ́, wọ́n á yọ ọ́ nínú owó mi."

"Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dì yín lẹ́sẹ̀."

"Wọn ò dì wá lẹ́sẹ̀, sà. Wọ́n ń lé wa ni."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Òun ò rín in mọ́. "Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

"Mi ò sí níbẹ̀."

"Ẹ ṣeun. Ẹ jókòó."

Oníbàtà sọ tirẹ̀. Lọ́yà wọn ní ó lè jẹ́ pé ó pe ọ́fíìsì lóòótọ́, ìyẹn ò sọ pé ọ́fíìsì pe olóògbé. Àlá arúgbó tí iyè rẹ̀ ti ra àti àròsọ oníbàtà, ṣé ohun tí wọ́n fẹ́ fi da ilé-iṣẹ́ láàmú nìyẹn? Obìnrin eléwú wá kọjú sí Màdáámù, ó ní kó dìde.

"Ẹ̀yin lẹ gbé fóònù. Ṣé ẹ pe olóògbé?"

Màdáámù dìde, ó di etí tábìlì mú. Ọ̀gá Àgbà ń wo iwájú. Mo rò pé ó máa tún un sọ bó ṣe sọ ọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n Màmá ló ń wò.

"Mo pè é. Mo ní Bàbá ti ṣubú, mo ní kó sáré, mo ní kí ló ń ṣe lójú ọ̀nà látàárọ̀. Ó ní, 'Mò ń bọ̀, Màdáámù, mo ti dé etí títì.' Mo ní kó sọdá kíá. Mo wà lórí fóònù." Ohùn rẹ̀ já, ó tún gbé e. "Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ fèrè mọ́tò, mo gbọ́ ọ nígbà tó... Mò ń pè é ṣáá. Mò ń pè é títí ìlà fi kú. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìgbà tí fóònù máa dún tí mi ò ní gbọ́ ọ."

Lọ́yà ilé-iṣẹ́ ti fìdí lélẹ̀. Màmá dìde. Àwọn òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ fẹ́ dá wọn dúró, obìnrin eléwú ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Màmá rìn dé ọ̀dọ̀ Màdáámù. Mo rò pé wọ́n máa gbá a létí.

Wọ́n ní, "Ṣé ó ké?"

"Rárá, Màmá. Kò ráyè ké. Ó kàn ń mí, nítorí eré tó ń sá."

Màmá mi orí, bí ẹni tí wọ́n jẹ́ iṣẹ́ kan fún tó sì gbà á. Wọ́n padà lọ jókòó.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ

Wọ́n ti lé Màdáámù. Wọ́n ní ó ti kó ẹrù orí tábìlì rẹ̀ kúrò kí n tó dé. Èmi ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kí wọ́n lé e, mo rò pé inú mi máa dùn. Kò dùn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá

Màmá ń ti ilẹ̀kùn báyìí. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ ohun tí àwọn fẹ́ gbọ́. Bí mo ṣe ń jáde, mo gbọ́ tí wọ́n ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nínú yàrá. Mi ò dúró.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ìgbìmọ̀ ti dájọ́. Ìrìn láti ẹnu ọ̀nà ẹni tí a ń tọ́jú dé ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn, iṣẹ́ ni, ilé-iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ máa sanwó rẹ̀. Wọ́n á san ti ẹ̀yìn fún gbogbo wa. Wọ́n á san ti ikú fún Màmá. Àwọn tó sá lọ ní ìpàdé ọjọ́ yẹn fò mọ́ mi lọ́rùn, ẹni tó gbé ìkòkò ka iná ló kọ́kọ́ fò.

Màmá ò fò. Wọ́n ní kí Lọ́yà ka ibì kan fún àwọn. Ó kà á: "Ẹnu iṣẹ́ ló kú sí."

"Tún un kà."

Ó tún un kà.

"Gbogbo èèyàn gbọ́?"

A ní a gbọ́. Wọ́n so gèlè wọn le, wọ́n ní kí n wá mú àwọn délé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ

Owó ti wọlé. Mo san owó ilé, mo ra bàtà tó nípọn nísàlẹ̀. Nítorí pé ìrìn ti di iṣẹ́, ilé tó ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ti dín kù, ọ̀gá sì ń wá òṣìṣẹ́ kún un. Ó sọ ọ́ bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì.

Ìwà Bàbá Télọ̀ ò yí padà. Ó ní kí n jẹ́ kí ẹnì kejì náà jókòó, pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo fa àga kan sí i. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Wọ́n ní kí n kọ́ olùtọ́jú tuntun kan ní ọ̀nà mi. Mo dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Tíṣà, Màdáámù ló dúró níbẹ̀, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ bíi tèmi. Kò sí ibòmíràn tó gbà á, ló bá padà wá bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ tó kéré jù. Ó kí mi kí n tó kí i. Ojú tì wá, àwa méjèèjì.

Ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ fún arúgbó. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Ìyá Tíṣà gbà fún un.

A sọ̀kalẹ̀ òkè. Nígbà tí ariwo títì bẹ̀rẹ̀ sí í dé etí wa, ìrìn rẹ̀ ń wúwo sí i. Ní etí títì, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró pátápátá. Ó ń wo ojú ibẹ̀. Kò sí iyanrìn mọ́, ọ̀dà lásán ni.

"Mi ò lè ṣe é."

Mo ti gbọ́ ẹsẹ̀ náà láti ẹ̀yìn ògiri sìmẹ́ńtì, mo sì mọ̀ pé òun náà gbọ́ ọ, nítorí pé àwa méjèèjì la jọ yà sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Wọ́n á ní a ti pẹ́," ló wí, ó fẹ́ ti ara rẹ̀ síwájú.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tutù bí omi àmù.

"Ẹ má sáré, Màdáámù. Wọ́n ń sanwó rẹ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ ká dúró."

A dúró síbẹ̀, títí títì fi mọ́.